Ṣé Gbogbo Àjọ̀dún Ló Yẹ Ká Ṣe?

Ọmọ kan tí mo kọ́ ní yunifásítì nígbà kan rí pè mí lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ó ti di ọ̀gá báyìí o, ní ibi ìgbafẹ́ ńlá kan tí n kò ní dárúkọ. Ó ní, "Prof, ẹ kú àárọ̀ sà. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà. A ṣe àjọ̀dún ọdún mẹ́wàá, ó dùn, èrò wá. Àwọn ìgbìmọ̀ tún ti ní ká múra fún ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Mo wá ń rò ó pé ṣé bí a ó ṣe máa bá a lọ nìyí? Ogún ń bọ̀, márùndínlọ́gbọ̀n ń bọ̀." Mo ní kó fún mi ní ọjọ́ díẹ̀. Ohun tí mo rò fún un ni mo kọ síbí, torí òun nìkan kọ́ ni ọ̀rọ̀ náà kàn.

Ẹ sáà gba abẹ́ afárá Sàngó kọjá, kí ẹ yà sí ọ̀nà Ìdìrókò títí dé Ojú Ọrẹ. Ẹ ó rí pátákó lókè, ẹ ó rí bánà lára ògiri: iléèwé yìí pé ogún ọdún, ìjọ yẹn pé ọgbọ̀n, fáktìrì tó wà lẹ́yìn ògiri gíga yẹn pé ogójì. Gbogbo wọn ló ń lo àmì roboto tí a fi ń kọ àdírẹ́ẹ̀sì í-meèlì, nọ́ńbà á sì tẹ̀lé e. N kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ fi àmì yẹn ṣe àjọ̀dún ní Nàìjíríà, ṣùgbọ́n ó ti mọ́ wa lára débi pé tí èèyàn bá rí i lórí bánà, ó ti mọ̀ pé jọ̀lọ́ọ̀fù wà níbì kan nítòsí.

Ṣùgbọ́n tí a bá fẹ́ mọ bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ jáde kúrò ní Ọ̀tà ná, ká lọ sọ́dọ̀ àwọn tó sọ ọ́ di òwò gidi. Àwọn Disney ni mò ń bá wí. Disneyland ní Kalifọ́níà ṣílẹ̀kùn ní ọjọ́ 17 oṣù Keje, 1955. Walt Disney World ní Florida tẹ̀lé e ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, 1971. Ti Tokyo dé ní oṣù Kẹrin, 1983. Láti ìgbà náà, àjọ̀dún kì í tán lọ́dọ̀ wọn. Àwọn ará Tokyo ló le jù: mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún, márùndínlọ́gbọ̀n, ọgbọ̀n, márùndínlógójì, ogójì, wọn kò fo ọ̀kan. Ọgbà kejì tún wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, DisneySea, tí wọ́n ṣí ní 2001, òun náà sì ní àjọ̀dún tirẹ̀ lọ́tọ̀. Nítorí náà, bí ọ̀kan bá ń palẹ̀ mọ́, èkejì á ti máa so fìtílà mọ́gi.

Kí ló fà á? Ọ̀rọ̀ ajé ni. Ọgbà ìgbafẹ́ kò dà bíi gààrí tí a jẹ lánàá tí a óò tún rà lọ́la. Ẹni tó bá ti gun àwọn ẹ̀rọ ìṣeré yẹn lẹ́ẹ̀kan, tó ti ya fọ́tò níwájú ààfin aláràbarà yẹn, lè sọ pé òun ti rí i, ó parí. Onílé gbọ́dọ̀ wá ìdí tí yóò fi padà wá. Ó lè kọ́ ẹ̀rọ tuntun, ṣùgbọ́n owó ńlá ni, ó sì ń gba ọdún púpọ̀. Àjọ̀dún kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún kì í béèrè owó kó tó pé, fúnra rẹ̀ ló ń pé. Wọ́n á wá so nọ́ńbà mọ́ fìlà, mọ́ ife, mọ́ ẹ̀wù, wọ́n á yí iná ojú sánmà padà, wọ́n á sì sọ fún ayé pé tí ẹ kò bá wá lásìkò yìí, kò tún sí mọ́. Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn gan-an ni ọjà tí wọ́n ń tà. Ẹ̀rù pé nǹkan máa kọjá lórí ẹni, ó ń gbé èèyàn wọ ọkọ̀ òfuurufú.

N kò ní sọ pé ìwà burúkú ni. Ìyá tó ń ta ìpápánu ní Sàngó náà mọ̀ pé "ó kù díẹ̀ kó tán" ń ta ọjà ju "ó pọ̀ nílẹ̀" lọ.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn, ti Disneyland ní 2005 nígbà tó pé àádọ́ta. Ṣáájú ìgbà náà, àwọn tó fẹ́ràn ọgbà yẹn ti ń ráhùn pé ọ̀dà ń bó, pé wọn kò tọ́jú ibẹ̀ bíi tàtijọ́. Jàǹbá tó pa ènìyàn kan ṣẹlẹ̀ lórí ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ wọn ní 2003. Nígbà tí àádọ́ta wá ń súnmọ́lé, ọ̀gá tuntun dé, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kun ilé, wọ́n ń tún ẹ̀rọ ṣe lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọkọ̀ ojú irin tó ń sáré nínú òkùnkùn, tí wọ́n ń pè ní Space Mountain, wọ́n tì í pa ní 2003, wọ́n tú irin rẹ̀ palẹ̀, wọ́n ṣe òmíràn, wọ́n sì ṣí i padà ní oṣù Keje 2005, ọjọ́ méjì ṣáájú ọjọ́ àjọ̀dún. Ẹ rí i pé ọjọ́ àjọ̀dún ṣe iṣẹ́ olówó èlé fún wọn. Ó ní ọjọ́ báyìí ni mò ń bọ̀, ẹ wá gbèsè tí ẹ jẹ ilé yín kí n tó dé.

Ẹ wá wo ti Florida, níbi tí àádọ́ta bọ́ sí oṣù Kẹwàá 2021. Wọ́n ṣe é fún oṣù méjìdínlógún, ó parí ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta, 2023. Ẹ̀rọ ńlá kan wà tí wọ́n ti kéde láti 2017 pé yóò délẹ̀ fún àjọ̀dún náà, TRON ni orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ wo ni wọ́n ṣí i? Ọjọ́ kẹrin oṣù Kẹrin, 2023. Ọ̀sẹ̀ tí wọ́n ká ayẹyẹ nílẹ̀ ni àlejò pàtàkì wọlé! Kòrónà dá sí i o, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n iná ojú sánmà tuntun tí wọ́n gbé kalẹ̀ fún àádọ́ta náà kò pẹ́. Nígbà tí oṣù Kẹrin 2023 dé, wọ́n yọ ọ́, wọ́n sì dá ti àtijọ́ tí àwọn èèyàn ń béèrè fún padà. Tí ẹ bá ní kí n ka ohun tí oṣù méjìdínlógún yẹn fi sílẹ̀, ère wúrà tó wà káàkiri ọgbà ni n ó dárúkọ, àti àìmọye ife.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí lórí ife kankan. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án, 2020, ẹ̀ka tó ni àwọn ọgbà yìí kéde pé òun yóò dá òṣìṣẹ́ 28,000 dúró ní Amẹ́ríkà. Láti ọjọ́ yẹn dé ọjọ́ tí iná àjọ̀dún àádọ́ta tàn, ọdún kan àti ọjọ́ méjì péré ni. Ọgbà ń ka ọdún tirẹ̀ lọ láìdáwọ́ dúró, ìṣirò ọdún àwọn kan tó ti ń ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ sì já lójijì. Ẹ fi èyí sọ́kàn, n ó padà sórí rẹ̀ tí a bá dé ilé.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ nọ́ńbà fúnra rẹ̀, torí ibẹ̀ ni iṣẹ́ mi wà tẹ́lẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé àgbàlagbà kì í fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ pátápátá. Ta ló ní márùndínlọ́gbọ̀n, àádọ́ta àti márùndínlọ́gọ́rin ni nọ́ńbà ńlá? Ẹ gbọ́ orúkọ wọn lẹ́nu wa ná. Ogún lòpó ìṣirò Yorùbá: ogún, ogójì tí í ṣe ogún méjì, ọgọ́ta tí í ṣe ogún mẹ́ta, ọgọ́rin tí í ṣe ogún mẹ́rin, ọgọ́rùn-ún tí í ṣe ogún márùn-ún. Àwọn wọ̀nyí ló gún régé. Àádọ́ta ńkọ́? Ẹ̀wá dín ní ọgọ́ta ni. Márùndínlọ́gbọ̀n àti márùndínlọ́gọ́rin, orúkọ wọn gan-an ń sọ pé nǹkan kan dín. Lójú èdè wa, ẹni tó ń ṣe àádọ́ta ń ṣe ọdún tí kò tíì pé, ó ku mẹ́wàá!

Ọ̀nà tí a gbà ń kà á pàápàá yàtọ̀. Àwa máa ń ka ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn. Ọmọ tí a bí lọ́jọ́ Ajé, Ajé tó ń bọ̀ la ó sọ ọ́ lórúkọ, ọjọ́ kẹjọ la sì ń pè é. Ọjà ọlọ́jọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́rin ló ń gbà kó tó tún ná. Tí a bá fi ojú yìí wo ọgbà Florida, tí a ka ọjọ́ tí wọ́n ṣí i ní 1971 sí ọ̀kan, àádọ́ta rẹ̀ bọ́ sí oṣù Kẹwàá 2020, ìgbà tí gbogbo ayé ń wọ ìbòmú. Orí yọ wọ́n pé Yorùbá kọ́ ló ń bá wọn ṣírò.

Àádọ́ta yìí, inú Bíbélì ló ti wá, nínú ìwé Léfítíkù orí 25, ibẹ̀ náà ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà jùbílì. Àwọn tó ń lò ó lónìí kì í sábà ka orí yẹn dópin. Kò sí àsè tó jọjú níbẹ̀. Ohun tí ó pa láṣẹ ni pé kí wọ́n fun fèrè, kí wọ́n má dáko lọ́dún náà, kí ilẹ̀ tí wọ́n tà nítorí ìṣẹ́ padà sọ́wọ́ ìdílé tó ni ín, kí ẹni tó ta ara rẹ̀ sóko ẹrú sì padà sílé. Ọdún ìdásílẹ̀ ni. Ẹni tó lágbára ni ó ń náwó, ẹni tí kò lágbára ni ó ń gbà.

Ti dáyámọ́ǹdì tún pa mí lẹ́rìn-ín. Ọdún márùndínlọ́gọ́rin ni àwọn òyìnbó ń pè ní dáyámọ́ǹdì tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ayaba Victoria pé ọgọ́ta ọdún lórí oyè ní 1897, tó ti dàgbà gan-an, wọ́n sún dáyámọ́ǹdì wá sórí ọgọ́ta. Kí ẹnikẹ́ni má wá sọ fún wa pé nọ́ńbà wọ̀nyí sọ̀ kalẹ̀ láti ọ̀run. Ẹni tó fẹ́ ṣe àríyá ló ń yan nọ́ńbà.

Kí làwa ń ṣe kí gbogbo èyí tó dé? A ń ṣe ọdún. Ẹ wò ó, ọ̀rọ̀ kan náà ni: ọdún tí í ṣe oṣù méjìlá, àti ọdún tí a ń ṣe. Àwọn tó ń lọ sí Ọ̀ṣun Òṣogbo ní oṣù Kẹjọ kì í béèrè pé ìkeloòó rèé. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ tí àwọn Àwórì Ọ̀tà mọ̀ ọ́n jó, ta ló ń ka iye ìgbà tó ti jáde? Ó dé, ó dé ni. Ní Ọ̀tà wa yìí náà, ní oṣù Kejìlá ọdọọdún, Ṣílò máa ń kó èrò rẹpẹtẹ wá sí Canaanland, níbi tí Faith Tabernacle tí wọ́n yà sí mímọ́ ní 1999 wà, tí àga inú rẹ̀ tó 50,000. Ẹ lọ bi àwọn tó ń ta omi, àwọn tó ní ilé àlejò, àwọn ọlọ́kadà Ìyànà Ìyèsí. Láti oṣù Kẹwàá ni wọ́n ti ń kó ọjà pamọ́. Wọ́n mọ̀ pé ó ń bọ̀, wọ́n sì mọ̀ pé ó tún ń bọ̀ léèmíì. (Sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ìgbà náà, ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn ni.) Ẹni tó ń ta pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù kò lè kó ọjà sílẹ̀ de àjọ̀dún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ilé iṣẹ́ kan. Ẹ̀ẹ̀kan ló ń wá, inú ọgbà sì ni wọ́n ti ń jẹun, wọn kì í sábà ra nǹkan lọ́wọ́ ará ìta.

Ìdí àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo fi ní kí ọmọ mi yìí má fi àjọ̀dún onínọ́ńbà rọ́pò ọdún ọlọ́dọọdún. Tó bá jẹ́ èrò ló ń wá, kó dá ọjọ́ kan sílẹ̀ lọ́dún tí gbogbo àdúgbò yóò mọ̀, kó má so nọ́ńbà mọ́ ọn.

Ṣùgbọ́n ìdí kejì ló wúwo lọ́kàn mi, ẹ̀gbẹ́ ilé mi níbí ni mo sì ti rí i.

Aládùúgbò mi kan ń ṣiṣẹ́ ní fáktìrì kan ní agbègbè yìí. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ rèé níbẹ̀. Kásúà ni wọ́n ń pè é, ìyẹn alágbàṣe. Agbaṣẹ́ṣe kan ló ń kó wọn wá, tí oṣù mẹ́ta bá sì ti fẹ́ pé, wọ́n á ní kó lọ sinmi ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì, kó tó wá tọwọ́ bọ ìwé tuntun. Ẹ̀rọ kan náà ni, ìjókòó kan náà, ọ̀gá kan náà. Ẹ ò ní ṣàì mọ ìdí tó fi jẹ́ oṣù mẹ́ta. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa, abala keje, sọ pé kó tó ju oṣù mẹ́ta lọ tí ènìyàn bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ẹni tó gbà á gbọ́dọ̀ fún un ní ìwé tí a kọ àdéhùn iṣẹ́ rẹ̀ sí. Àwọn kan wá rò ó pé tí ìṣirò kò bá ti pé oṣù mẹ́ta, òfin kò rí wọn.

Fáktìrì yìí ṣe àjọ̀dún ogójì. Wọ́n ta àǹkárá tó ní àmì iléeṣẹ́ lára fún gbogbo òṣìṣẹ́, kásúà náà rà, wọ́n sì yọ owó rẹ̀ lára owó iṣẹ́ wọn. Ní ọjọ́ náà, wọ́n fún àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ní àmì-ẹ̀yẹ: ọdún mẹ́wàá, ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ogún ọdún. Wọn kò pe ọkùnrin yìí. Nígbà tó wá kí mi nírọ̀lẹ́, ó ṣì wọ àǹkárá náà. Mo ní, "Ẹ kú ọdún o." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá, fáktìrì ló pé ogójì. Èmi pé oṣù méjì àti ààbọ̀."

Mo ti ka ìwé púpọ̀ lórí àjọ̀dún àti ìrántí, n kò tíì rí èyí tó sọ ọ́ ṣókí tó bẹ́ẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó fi ogójì sójú pátákó ń sọ nǹkan kan fún wa: a ti wà níbí tipẹ́, a kò sá lọ, ẹ lè fọkàn tán wa. Ẹ̀rí ni nọ́ńbà yẹn. Ta ló wá gbé e ró? Àwọn tó ń wọlé láago méje àárọ̀ ni. Tí ilé iṣẹ́ bá mọ̀-ọ́n-mọ̀ ń gé ìṣirò ọdún àwọn wọ̀nyẹn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta, tó sì wá to tirẹ̀ jọ di ogójì, ìṣirò méjì ló ń ṣe lórí ilẹ̀ kan náà. Ibi tí ọ̀rọ̀ Florida àti ọ̀rọ̀ Ọ̀tà ti pàdé nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kòrónà ni ti ọ̀hún, àṣà ojoojúmọ́ sì ni tiwa.

Pípẹ́ níbì kan kì í sì í ṣe ìlérí pé a ó ṣì wà níbẹ̀ lọ́la. Ẹ rántí Unilever, tó ní fáktìrì ní Àgbárá, ní ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà wa yìí. Ní oṣù Kẹrin 1923 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní Nàìjíríà lábẹ́ orúkọ Lever Brothers, ọ̀rọ̀ ọṣẹ ló sì gbé e dé. Ní oṣù Kẹta 2023, ó kéde pé òun yóò jáwọ́ nínú Omo, Sunlight àti Lux ní orílẹ̀-èdè yìí. Oṣù tó tẹ̀lé e ló pé ọgọ́rùn-ún ọdún. Ilé iṣẹ́ náà wà, ó ń ṣe ohun mìíràn, n kò sì sọ pé ó ṣẹ̀. Ọjà ló rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fọ aṣọ ní Àtan mọ̀ pé ọgọ́rùn-ún tí wọ́n ń kà lójú pátákó àti Omo tó ń wá ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni.

Kí wá ni mo sọ fún ọmọ mi? Mo ní kó má ṣe ti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kó dúró de ogún. Kì í ṣe nítorí pé ogún gún régé lédè Yorùbá nìkan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú mi yóò dùn. Ogún ọdún ni ọmọ tí wọ́n gbé wá sí ọgbà ìgbafẹ́ lọ́wọ́ fi ń di ẹni tó lè gbé ọmọ tirẹ̀ wá. Àlejò tó bá dé lọ́jọ́ náà yóò ní ohun tó fẹ́ sọ: èmi náà gun ẹṣin onírin yìí rí, mo ṣubú níbí yìí. La Campagne Tropicana ní Ìbẹ́jú-Lẹ́kkí tó bẹ̀rẹ̀ ní 1984 pé ogójì ní 2024. Ní ibi tó bá pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, bàbá àgbà àti ọmọ-ọmọ lè jókòó sórí yanrìn kan náà. Nọ́ńbà tó ní irú èèyàn báyìí nínú kò nílò ìpolówó púpọ̀. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò ní ẹnikẹ́ni nínú. Ọmọ tí wọ́n gbé wá nígbà náà ṣì ń bá òbí rẹ̀ jà lórí fóònù.

Mo tún sọ fún un pé kó lo ọdún márùn-ún tó kù gẹ́gẹ́ bí Disneyland ti lo 2003 sí 2005. Kó kọ gbèsè ilé rẹ̀ sílẹ̀. Irin wo ló ń dógùn-ún, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wo ni omi kì í wá, ẹ̀rọ wo ni wọ́n ti so okùn mọ́ láti ọdún méjì. Àwọn ọgbà ìgbafẹ́ ilẹ̀ wa mọ ìpọ́njú yìí dáadáa. Nígbà tí Noo Saro-Wiwa kọ ìwé ìrìn-àjò rẹ̀ tó jáde ní 2012, orúkọ ọgbà ìgbafẹ́ tó wà ní Ìbàdàn ló fi sọ ìwé náà, Looking for Transwonderland. Ohun tó bá níbẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ti gbó àti èrò tí kò pọ̀. Kò sí àjọ̀dún tó lè wo irú ìyẹn sàn, bánà kò sì lè bo irin tó jẹrà. Tí ogún bá dé tí wọn kò tíì tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, kí wọ́n sún un síwájú. Ṣebí àwọn tó ni Victoria náà sún dáyámọ́ǹdì.

Kí nǹkan kan sì kù lẹ́yìn ọjọ́ náà tí ará ìta lè lò. Nígbà tí àwọn Ẹ̀gbá pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní Abẹ́òkúta ní 1930, wọ́n fi gbọ̀ngàn kan ṣe ìrántí rẹ̀ ní Aké, Centenary Hall. Àwọn tó jó lọ́jọ́ náà ti lọ. Gbọ̀ngàn náà ṣì wà, àwọn ọmọ tí kò mọ ìdí tó fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ sì ti ṣe ìpàdé, ìgbéyàwó àti ìjà òṣèlú nínú rẹ̀.

Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀, ó ní, "Prof, àwọn ìgbìmọ̀ ò ní gbà. Wọ́n ti san owó àsansílẹ̀ fún olórin." Mo ní tó bá ti rí bẹ́ẹ̀, kó ṣe é, ṣùgbọ́n kó bá mi ṣe ohun kan ṣáájú. Kó ní kí wọ́n to orúkọ gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọgbà náà jọ, àti àwọn tí agbaṣẹ́ṣe ń kó wá, àwọn tó ń gé koríko, àwọn tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà, kí wọ́n sì kọ ọjọ́ tí olúkúlùkù kọ́kọ́ wọlé sí iwájú orúkọ rẹ̀. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọlé o, kì í ṣe ọjọ́ tó tọwọ́ bọ ìwé kẹ́yìn.

Ó dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní òun kò rò pé ọ́fíìsì àwọn ní irú ìwé bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n bi wọ́n lẹ́nu, gbogbo wọn ló rántí ọjọ́ náà. Ó pè mí lánàá pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà, pé ìyá tó ń já tíkẹ́ẹ̀tì ní òun ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó gbé ilẹ̀kùn náà kọ́.